Ṣé mo lè máa sáré lójoojúmọ́ nígbà òtútù láìda ilé rú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester ni mò ń gbé, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí. Láti oṣù Karùn-ún ni mo ti ń sáré lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kìlómítà márùn-ún márùn-ún, ara mi sì ti fúyẹ́ gan-an. Mo wá fẹ́ máa sáré lójoojúmọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá títí di ìparí oṣù Kejì, láìfo ọjọ́ kankan. Ọmọ méjì la bí, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún méje, èkejì ọmọ ọdún mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, òru mẹ́ta ló fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí ni èmi ti ń ṣiṣẹ́, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Ìyàwó mi ti ní bí mo bá tún fi ọjọ́ kún eré yìí, òun kò ní gbà. Màmá mi ní Ìbàdàn náà ń pariwo lórí fóònù pé òtútù á wọ̀ mí láyà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá iṣẹ́ àti ọmọ. Ẹ lè sáré lójoojúmọ́ láti oṣù Kejìlá títí di ìparí oṣù Kejì, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú eré tí ẹ ń sá báyìí lẹ máa sá ní ọjọ́ méjèèje. Kìlómítà márùn-ún lẹ́ẹ̀meje lọ́sẹ̀ yóò ba ẹsẹ̀ yín jẹ́, yóò sì dá ìjà sílé kí ọdún tuntun tó wọlé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ sọ eré ọjọ́ márùn-ún di kékeré, kékeré débi pé ará ilé kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ẹ jáde. Ọjọ́ méjì tó kù ni kí ẹ fi sá eré gidi, ọjọ́ tí ẹ̀yin àti ìyàwó yín bá sì jọ fẹnu kò lé lórí ni kí ó jẹ́.

Ní ẹkùn yín níbẹ̀ gan-an ni ọkùnrin tó sọ àṣà yìí di ohun tí ayé mọ̀ gbé. Ron Hill lorúkọ rẹ̀, Hyde tó wà ní ìlà-oòrùn Manchester ló gbé. Òun ló gbégbá orókè ní Boston Marathon ní 1970, ó sì gba wúrà márátọ́ọ̀nù níbi Ìdíje Commonwealth ní Edinburgh lọ́dún kan náà. Láti oṣù Kejìlá 1964 títí di oṣù Kìíní 2017, kò jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá láìsáré: ọdún 52 àti ọjọ́ 39. Bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ ìtàn yìí, eré rẹpẹtẹ ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Lóòótọ́, nígbà tó wà lójú ìdíje, eré tó ń sá kò kéré. Ṣùgbọ́n òfin tó fi de ara rẹ̀ kò ju máìlì kan lọ, ìyẹn kìlómítà kan àtààbọ̀ àti díẹ̀. Bí ó bá ti sá máìlì kan, ọjọ́ náà ti wọlé. Ìkéré òfin yìí ló jẹ́ kó lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ pé kó fi gbogbo ìṣe rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe o. Ní 1993, ó ní ìjàǹbá ọkọ̀, eegun àyà rẹ̀ fọ́, síbẹ̀ ó ṣì wá ọ̀nà sáré. Ẹ má dán irú èyí wò. Ibi tí ó ti wú mi lórí jù ni ìparí rẹ̀. Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lẹ́nu eré ní oṣù Kìíní 2017, tí ó sì rí i pé ikú lè tibẹ̀ wá, ó fi òpin sí i, ó ní òun jẹ ìyàwó òun, ẹbí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ní gbèsè pé kí òun dúró. Ẹni tó ti ka ọjọ́ fún ọdún méjìléláàádọ́ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ka àádọ́rùn-ún ọjọ́ kò gbọdọ̀ le ju u lọ.

Olùtọ́jú iṣan àti oríkèé ara ni mí, oṣù Kìíní sì ni àwọn asáré máa ń tiro wọlé tọ̀ mí wá jù. Ìtàn wọn kì í yàtọ̀ síra: ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń sáré lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n bá ara wọn dá májẹ̀mú ọdún tuntun, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀meje lẹ́ẹ̀kan náà. Eré kì í pẹ́ mọ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lára. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èémí yín á ti gùn sí i, ẹ ó sì rò pé gbogbo ara ló ti gbà. Àmọ́ eegun àti iṣan tó so ẹran mọ́ eegun kì í yára bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ń gbálẹ̀ ni nǹkan díẹ̀ ń jẹ lára eegun ojúgun, ìgbà tí ẹ bá sinmi ni ara máa ń tún un ṣe. Bí àtúnṣe náà kò bá rí àyè, eegun á bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ ó sì fi jókòó sílé. Iṣan gìgísẹ̀ náà máa ń wú, á máa le gan-gan láàárọ̀, ìwòsàn rẹ̀ sì lè gba oṣù púpọ̀.

Oṣù Kẹwàá àti oṣù Kọkànlá ṣì wà níwájú wa, ẹ lo wọ́n dáadáa. Nínú oṣù Kẹwàá, ẹ fi ọjọ́ kan péré kún mẹ́ta yín: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, eré jẹ́jẹ́. Nígbà tí oṣù Kọkànlá bá wọlé, ẹ sọ ọ́ di ọjọ́ márùn-ún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ẹ sọ ọ́ di mẹ́fà. Nígbà tí oṣù Kejìlá bá fi dé, ọjọ́ keje kò ní jẹ́ àjèjì sí ẹsẹ̀ yín mọ́. Bí ọjọ́ bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni kí eré ọjọ́ kọ̀ọ̀kan máa kúrú. Kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ ń sá lọ́sẹ̀ báyìí. Ogún sí méjìlélógún ti tó yín jálẹ̀ ìgbà òtútù. Ẹ fi kìlómítà márùn-ún sí mẹ́fà sá eré gidi méjèèjì, kí ọjọ́ tó kù má kọjá kìlómítà méjì àti díẹ̀.

Ẹ má fojú kéré ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi ìṣẹ́jú 75 sí 150 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tó lágbára. Eré kékeré márààrún yín nìkan ti pé ìṣẹ́jú 75, a kò tíì fọwọ́ kan eré gidi méjì. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá eré yín lọ́ra tó, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ìdílé yín bí ẹ ti ń sá a. Bí ó bá ń jáde ní gbólóhùn gbólóhùn láìmí gúlegúle, ó dára. Bí ẹ bá ń já ọ̀rọ̀ sí méjì kí ẹ tó rí èémí fà, ẹ dẹwọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, nínú eré ojoojúmọ́ ju ibòmíràn lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ ilé, nítorí ibẹ̀ gan-an ló ti wúwo.

Ìyàwó yín jàre. Mo fẹ́ kí ẹ gba èyí kí ẹ tó ka ìyókù. Ẹni tó fi gbogbo òru dúró lórí ẹsẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, tó wọ bọ́ọ̀sì padà dé ilé láàárọ̀, oorun ló kù fún un. Bí ọkọ rẹ̀ bá wá wọ bàtà eré jáde láàárọ̀ Sátidé, tó fi ọmọ ọdún mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀, ta ló fẹ́ dá a lẹ́bi bí ó bá bínú? Ẹ kọ ọ́ sí mi pé kò ní gbà. Ẹ kò kọ ohun tí òun fẹ́. Ẹ bi í, kí ẹ sì bi í lọ́jọ́ tó ti sùn dáadáa, tí ìwé iṣẹ́ oṣù náà wà níwájú ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ jọ rí òru tó máa fi ṣiṣẹ́ àti òru tó máa fi sinmi. Nínú ìwé yẹn ni ètò eré yín ti máa jáde. Bí ẹ bá kọ́kọ́ kọ ètò eré tiyín tán, tí ẹ wá ń bẹ̀ ẹ́ kó yí iṣẹ́ padà nítorí rẹ̀, ẹ ti pàdánù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní òru mẹ́ta tí kò sí nílé, ẹ̀yin nìkan lẹ wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Ẹ má sáré jáde fún máìlì kan nígbà tí wọ́n bá sùn tán. Mo ń sọ ọ́ gbangba nítorí pé àwọn bàbá mìíràn ti bi mí ní irú rẹ̀ rí. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dárúkọ ọjọ́ orí kan pàtó, ṣùgbọ́n ó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ọmọ sílẹ̀ lóun nìkan níbi tí ewu ti lè bá a. Ọmọ ọdún méje àti ọmọ ọdún mẹ́ta kì í ṣe ẹni tí à ń ti ilẹ̀kùn mọ́.

Àyè tí mo rí fún yín wà láàárín ilé ìwé àti ibi iṣẹ́. Aago mẹ́wàá lẹ ń wọṣẹ́, àwọn ọmọ sì ti ní láti wọ ilé ìwé àti ilé ìtọ́jú ọmọdé ṣáájú aago mẹ́sàn-án. Ẹ wọ aṣọ eré sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ bá ń sìn wọ́n lọ. Bí wọ́n bá ti wọlé, tí ẹ ti juwọ́ sí wọn tán, ẹ sáré padà sílé. Bí ọ̀nà bá kúrú, ẹ yí pápá ìṣeré kan po kí ẹ tó yà sílé. Bí ilé ìwé àti ilé ìtọ́jú ọmọdé bá wà ní òdìkejì ara wọn, ẹ fi sísá rọ́pò ìrìn láti ìkejì sí ilé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti lọ nìyẹn, ẹ ó wẹ̀, ẹ ó jẹun, ẹ ó sì bá iṣẹ́ lákòókò. Ìyàwó yín ti dé, ó ti sùn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì lẹ lè lo àyè yìí, kò sì gba ìṣẹ́jú kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ tún wà níbẹ̀. Ní Manchester láàárín oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ títí aago mẹ́jọ á fi kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á sì ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹni tó ń wọṣẹ́ ní mẹ́wàá tó ń jáde ní mẹ́fà kò ní rí ojú ọjọ́ rárá bí kò bá lo wákàtí yìí.

Sátidé ni kí ẹ fi ṣe eré gidi àkọ́kọ́, parkrun, ìyẹn eré tí àwọn ènìyàn jọ ń sá ní pápá, ni mo sì máa yàn fún yín. Paul Sinton-Hewitt ló dá a sílẹ̀ ní Bushy Park ní London ní oṣù Kẹwàá 2004, ènìyàn 13 ló sì sá a lọ́jọ́ náà. Ọ̀fẹ́ ni. Kìlómítà márùn-ún, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ England. Lọ́dọ̀ yín, ó wà ní Heaton Park, ó wà ní Wythenshawe, èyí tí wọ́n ń pè ní South Manchester sì wà ní Platt Fields. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún bàbá ọlọ́mọ nítorí pé ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin: ìyàwó yín mọ aago tí ẹ ó padà dé. Bí ó bá ṣiṣẹ́ mọ́jú Sátidé, ẹ kó àwọn ọmọ dání kí ilé lè dákẹ́ fún un. Ọmọ ọdún méje lè rìn, kó sì sá, bí ẹ bá wà nítòsí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta á jókòó sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ bí ipa ọ̀nà ibẹ̀ bá gba kẹ̀kẹ́. Ẹ kò ní yára lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì burú.

Eré gidi kejì, kí ó bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìyàwó yín kò bá níṣẹ́, tó sì ti sinmi. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì sí ogójì, kí ẹ sì dá a padà ní iye kan náà. Mo ń sọ dídá padà ní tòótọ́, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ẹnu: bí ẹ bá gba ogójì ìṣẹ́jú, òun náà gba ogójì ìṣẹ́jú tí ẹnikẹ́ni kò ní pe "Mọ́mì" sí i létí. Bí ó bá fi sùn, ó dára. Bí ó bá ní òun náà fẹ́ sáré, ó tún dára jù. (Àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ń ka ibi yìí pẹ̀lú: kó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ kí ẹ tó padà sí eré sísá, bí ìtọ̀ bá sì ń jò tàbí ìsàlẹ̀ inú bá ń wúwo, ẹ lọ rí olùtọ́jú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.)

Ìsinmi Kérésìmesì ló máa dá ètò yìí rú, nítorí ilé ìwé á ti fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún méje gun kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní pápá, kí àbúrò rẹ̀ wà nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ. Bí ìsìn yín kò bá tètè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, parkrun àwọn ọmọdé wà fún ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́rìnlá, kìlómítà méjì péré. Lẹ́yìn òde àríyá tí ẹ ti dé ní aago méjì òru, kìlómítà kan àtààbọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ti tó. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ẹ sá tiyín kí ọ̀sán tó pọ́n, nítorí ìsọ́ òru àtọdúnmọ́dún kì í fi àyè sílẹ̀.

Ojú ọjọ́ Manchester kò le tó bí ẹ ṣe rò. Láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius ló sábà máa ń wà nígbà òtútù. Òjò, afẹ́fẹ́ àti òkùnkùn lẹ máa bá jà ju yìnyín lọ. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá tí wọ́n bá ti yí aago sẹ́yìn, eré ìrọ̀lẹ́ di eré òru. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn lọ́sàn-án kò wúlò lóru. Èyí tí ẹ nílò ni aṣọ tàbí ìgbànú tó máa ń kọ mọ̀nà nígbà tí iná ọkọ̀ bá bà á. Ẹ so tọ́ọ̀ṣì mọ́rí. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ títì. Níbi tí kò bá ti sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ gbà, kí ẹ lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi etí kan sílẹ̀ láìki nǹkan bọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹra fún etí odò Bridgewater Canal àti Rochdale Canal lóru. Wọ́n dùn ún sá lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ewé tó ti rà máa ń yọ̀ níbẹ̀, iná kò sí ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ọjọ́ tí yìnyín tẹ́ẹ́rẹ́ bá bo ilẹ̀, èyí tí ojú kò lè rí, kò yẹ kí ẹ jáde sáré. Ẹni tó bá yọ̀ ṣubú, tó kán lọ́rùn ọwọ́, kò lè gbé ọmọ, kò lè gbé ẹrù níbi iṣẹ́. Ẹ rìn lórí koríko lọ́jọ́ náà, tàbí kí ẹ gun àtẹ̀gùn ilé lọ bọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú pàápàá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí eré.

Ní ti aṣọ, a tún padà sọ́dọ̀ Ron Hill, nítorí pé onímọ̀ kẹ́míkà aṣọ ni, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú rẹ̀ ní Manchester, ó sì dá ilé iṣẹ́ aṣọ eré sílẹ̀. Ohun tí irú wọn fi kọ́ wa ni pé òógùn ló ń jẹ́ kí òtútù mú asáré. Aṣọ òwú máa ń mu òógùn, á sì gbé e lé yín lára bí aṣọ tútù. Ẹ wọ aṣọ eré fẹ́lẹ́ tí kì í mu omi kan ara, ẹ fi òmíràn lé e lórí, kí jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ tó ń dí afẹ́fẹ́ wà lórí rẹ̀ bí òjò bá ń rọ̀. Ìbọ̀wọ́ àti fìlà ṣe pàtàkì ju jákẹ́ẹ̀tì nínípọn lọ. Ó yẹ kí òtútù mú yín díẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Bí ara yín bá ti gbóná nígbà tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ yín ti pọ̀jù. Ẹ kọjú sí afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ bá ń lọ, kí ó máa tì yín lẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ pẹ̀lú òógùn lára. Ẹ fi òrí pa ètè, ojú àti ẹ̀yìn ọwọ́. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ bọ́ aṣọ tútù kí ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn. Bí ẹ bá lágbára ẹ̀, ẹ ra bàtà méjì kí ẹ máa pààrọ̀ wọn, nítorí bàtà tí òjò pa lánàá kì í sábà gbẹ di òní. Ẹ ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀.

Ẹ wá bá mi kí màmá. Ẹ sọ fún wọn pé kòkòrò àrùn ló ń fa òtútù àyà, kì í ṣe afẹ́fẹ́ tútù. Imú àti ọ̀nà ọ̀fun máa ń mú afẹ́fẹ́ gbóná kí ó tó dé inú ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà òtútù Manchester kò lè dé ibi tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ohun tí wọ́n ń rí ní Ìbàdàn nígbà ọyẹ́, tí gbogbo ilé á máa húkọ́, eruku wà nínú rẹ̀ púpọ̀. Ìbomú fẹ́lẹ́ tí ẹ bá fi bo ẹnu àti imú á dín gbígbẹ afẹ́fẹ́ kù, kò sì ní jẹ́ kí ẹ húkọ́ lẹ́yìn eré.

Síbẹ̀, ìbẹ̀rù màmá ní ibi tó ti tọ̀nà. Bí ẹ bá ní ikọ́ fée (asthma), afẹ́fẹ́ tútù tó gbẹ lè ru ú sókè. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀, kí inhaler sì wà lápò yín. Ẹ tún mọ jẹ́nótáìpù yín dájú. Ẹni tó bá jẹ́ SS, òtútù, àárẹ̀ àti àìmumi wà lára ohun tó máa ń ta ìrora dìde, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò yìí láìbá ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú àwa ọmọ Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS. AS lè sáré, ọ̀pọ̀ ló ń sá, ṣùgbọ́n kí ó máa mumi dáadáa, kí ó máa fi eré kún eré díẹ̀díẹ̀, kí ó má sì sá eré àsápajúdé lójijì. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà wà ńbẹ̀: òtútù máa ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ sún kì, ìfúnpá á sì gòkè. Ẹ ti lé ní ogójì ọdún, nítorí náà ilé oògùn púpọ̀ ní England lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n kí oṣù Kejìlá tó dé.

Nígbà wo ni kí ẹ má sáré rárá? Bí ibà bá mú yín, tàbí tí ara bá ń ro yín, tàbí tí ikọ́ bá ti wọ àyà. Ẹni tó bá sáré pẹ̀lú ibà lè jẹ́ kí àrùn náà wọ iṣan ọkàn. Katá lásán tí kò kọjá imú kò ní ṣe nǹkan. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí òyì bá ń kọ́ yín lẹ́nu eré, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ wá ìtọ́jú lọ́jọ́ náà. Bí ìrora bá wà lójú kan lórí ojúgun tàbí ẹ̀yìn ẹsẹ̀, tí ẹ lè fi ìka kan tọ́ka sí i, tó ń le sí i bí ẹ ti ń sá a, tó sì ń jí yín lóru, ọjọ́ kíkà ti parí títí wọn á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Òru tí ọmọ bá ń gbóná tí ẹ kò fojú kan oorun náà wà nínú rẹ̀. Oorun ni kí ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọjọ́ náà sùn.

Mo mọ̀ pé láìfo ọjọ́ kankan lẹ fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń ka yín lára. Ìwádìí kan tó jáde láti University College London ní 2009 tẹ̀lé ènìyàn 96 tó ń gbìyànjú láti sọ ìwà tuntun di bárakú. Nǹkan bí ọjọ́ 66 ló sábà gbà wọ́n, ó yá fún àwọn kan ju fún àwọn mìíràn lọ. Fífo ọjọ́ kan kò sì ba ohun tí wọ́n ti kọ́ jẹ́. Nígbà tí oṣù Kejì bá fi ń lọ sópin, ẹsẹ̀ yín á ti mọ ọ̀nà láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé lọ sílé, bóyá ìwé yín kọ 90 tàbí ó kọ 86.

Ohun kékeré méjì ló kù. NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, ní kí gbogbo ènìyàn ronú lórí lílo fítámì D, máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́, nígbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù, kí àwa tí awọ wa dúdú sì ronú láti lò ó jálẹ̀ ọdún, nítorí oòrùn ibẹ̀ kò tó fún wa. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bí ẹ bá ń dúró de ògì kó jiná, ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró lórí àwọn ìka rẹ̀, ẹ gbé ara sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ ṣe ìkejì bákan náà. Ìyẹn ni ààbò iṣan gìgísẹ̀ tó dára jù tí mo mọ̀, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Bí ojúgun bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú oṣù Kìíní, ẹ kọ̀wé sí mi kí ẹ tó sá eré ọjọ́ kejì. Ẹ sọ ibi tó ti ń dùn yín, ìgbà tó máa ń dùn, àti iye kìlómítà tí ẹ sá ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú.